Àpótí iná nílé àti ní káǹpù: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń tún nǹkan oníná ṣe, mo sì ń ta díẹ̀ nínú wọn. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá kí ẹnìkan má wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àpótí yẹn hàn mí, èyí tí kì í pariwo.” Power station ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní jẹnẹrétọ̀ sólà, àwọn kan ń pè é ní páwà bánkì ńlá. Ìyá oníbàárà mi kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó pè é ní “iná inú báàgì”, orúkọ yẹn ló sì dùn mọ́ mi jù. Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè yìí títí ẹnu fi ń ro mí, ni mo bá kọ wọ́n sílẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Bátìrì, inverter tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé, ṣájà, àti kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń ṣọ́ bátìrì náà. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i kí ẹ lè rí i gbé. Kì í mu epo, kò ní éńjìnnì, kì í rú èéfín. Àmọ́ kì í dá iná sílẹ̀ o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Dúrọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe kànga. Ohun tí ẹ bá pọn sínú rẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀.

Wọ́n kọ 1000W sí iwájú, wọ́n tún kọ 512Wh sí ìdí. Èwo ni kí n wò?

Méjèèjì, àmọ́ ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. W, ìyẹn wáàtì, ni bí ẹnu dúrọ́ọ̀mù ṣe fẹ̀ tó: òun ló ń sọ bí ẹrù tí ẹ lè dì lé e lẹ́ẹ̀kan náà ṣe lè pọ̀ tó. Wh, ìyẹn wáàtì-wákàtí, ni bí inú rẹ̀ ṣe jìn tó. Ẹni tó bá ra ẹnu fífẹ̀ láì bojú wo inú ló máa ń pè mí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ pé, “Bọ̀dá, iná ti kú, wọn ò sì tíì ka ìròyìn tán.”

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ mú iye Wh tó wà lára rẹ̀, ẹ yọ nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, nítorí inverter inú rẹ̀ pàápàá ń jẹun. Èyí tó bá kù, ẹ fi iye wáàtì ohun tí ẹ fẹ́ tàn pín in. Iye wákàtí tí ẹ máa rí lò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé mi ṣe àpẹẹrẹ. Fáànù onídùúró 50W, gílóòbù LED mẹ́ta 30W, tẹlifíṣọ̀n 45W, dikódà 15W, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì 10W. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150W. Àpótí mi jẹ́ 1000Wh. Tí a bá yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ó ku 850. Ẹ fi 150 pín 850, ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Tí mo bá tan gbogbo rẹ̀ láti aago méje alẹ́, òru kò ní jìn kó tó kú. Ṣùgbọ́n tí mo bá lé àwọn ọmọ lọ sùn ní aago mẹ́wàá, tí mo pa tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo ìdílé rẹ̀, tó wá ku fáànù àti gílóòbù kan, á gbé mi dé nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ku ogún ìṣẹ́jú. Ó máa ń ku díẹ̀ kí ládáànì àdúgbò wa pe ìrun àsùbáà kí fáànù tó dúró. Mo ti mọ̀ ọ́n, ooru ló ń jí mi kírun.

Ohun kan tún wà. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ fẹ́ ṣáàjì, ẹ má tẹ bọ́tìnì AC, èyí tó ń tan inverter. Ojú USB ni kí ẹ lò. Tí inverter bá wà ní títàn láìrí iṣẹ́ ṣe, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa mu bátìrì lọ.

Èyí tí mo rí lọ́jà jẹ́ 300,000mAh, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì tiyín. Ṣé ẹ ò fẹ́ rẹ́ mi jẹ báyìí?

Mi ò lè bínú sí ìbéèrè yìí, wọ́n ti rẹ́ èmi náà jẹ rí. Ní 2022 la ṣe òkú ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo fi tìlù tìfọn sọ fún àwọn ẹbí pé kí wọ́n má yá jẹnẹrétọ̀ fún ìsìn alẹ́, pé mo ti ra nǹkan tuntun. 300,000mAh, 1000W, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Pásítọ̀ ní “ẹ jẹ́ ká dìde”, a dìde, gbohùngbohùn kú. A wà lórí ìdúró nínú òkùnkùn, àbúrò ìyá mi obìnrin wá sọ lẹ́yìn mi pé, “Nǹkan tuntun ti dé.”

Nígbà tí mo délé mo tú u. Sẹ́ẹ̀lì roboto tí wọ́n ń pè ní 18650 ni mo bá nínú rẹ̀, méjìlélọ́gbọ̀n péré, 2000mAh ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi fóòmù há àárín wọn, wọ́n wá de irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀ kò pé 240Wh.

Báyìí lẹ ṣe lè mọ̀. mAh ń díwọ̀n ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì láì ka fóòtì (volt) rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú mAh tí wọ́n kọ, ẹ fi 1,000 pín in, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, tó jẹ́ fóòtì ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì líthíọ́ọ̀mù. 300,000mAh yẹ kó jẹ́ 1,110Wh. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àpótí náà lé òṣùwọ̀n. Àpótí 1000Wh tó jẹ́ òótọ́ máa ń tó kílò mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Tèmi yẹn, òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja dídì kan ní Òkè-Ajé ni mo gbé e lé, kílò mẹ́ta ààbọ̀ pẹ̀lú irin ìdí rẹ̀. Ìyá náà bi mí pé irú ẹja wo nìyẹn.

Ìdánwò kejì: ẹ wá gílóòbù àtijọ́ 100W, irú èyí tó máa ń gbóná, ẹ tàn án fún wákàtí kan gbáko. Lára 1000Wh, ojú àpótí náà yẹ kó já wálẹ̀ láti 100 sí nǹkan bí 88. Tó bá já sí 55, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀.

Wọ́n ní bátìrì LiFePO4 ló dára jù. Kí ni ìyàtọ̀?

Irú líthíọ́ọ̀mù tó wà nínú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù fúyẹ́, àmọ́ tí ẹ bá ti lò ó tán tí ẹ tún kún un nígbà 500 sí 1,000, agbára rẹ̀ á ti máa dín. LiFePO4, irú líthíọ́ọ̀mù mìíràn, wúwo díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba kíkún bí 3,000 kó tó ku ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Tí ẹ bá ń lò ó tán lójoojúmọ́, ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Kì í tún tètè gbiná. John Goodenough àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí ní àwọn ọdún 1990. Bàbá yẹn gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 lẹ́ni ọdún 97. Èmi ò ta irú ti fóònù mọ́ fún ẹni tó máa lò ó nílé. Ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ èjìká lọ sínú igbó lè rò ó wò.

Ṣé ó lè gbé fíríìjì? Fírísà ńkọ́? Ọtí ni mo ń tà.

Fíríìjì kékeré ò ju 100W lọ tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni ìgbà tó bá fẹ́ dìde. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, “gìrìrì”, tí iná ilé á sì ṣẹ́jú. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ó lè béèrè ìlọ́po márùn-ún sí méje ohun tó ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí àpótí 300W fi máa ń kọ fíríìjì 100W, tí ènìyàn á sọ pé mo tan òun. Fún fíríìjì, ẹ má ra èyí tí ẹnu rẹ̀ kéré sí 1000W, kí ẹ sì wo iye tí wọ́n kọ sí “surge”.

Ní ti bó ṣe máa pẹ́ tó, fíríìjì kì í ṣiṣẹ́ láìsinmi, torí náà àpótí 1000Wh lè mú fíríìjì kékeré dé bí wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tí àwọn ọmọ ò bá máa ṣí i wò bí ẹni tó ń wo fèrèsé. Fírísà ńlá tí wọ́n fi ń ta ọtí kì í ṣe ẹrù àpótí yìí. Ẹ lọ ṣe inverter àti sólà gidi.

Ọgbọ́n tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ìyàwó mi ni pé kí ẹ má tilẹ̀ fi àpótí gbé fírísà. Tí iná bá wà, ó máa ń kó omi inú ọ̀rá sí gbogbo àlàfo inú fírísà títí yóò fi kún bámú, wọ́n á dì gbagidi. Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè mú ẹran wà ní dídì ọjọ́ kan sí méjì láìsí iná rárá. Ti ìdajì ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a bá sì fẹ́ mu gàrí lọ́sàn-án, omi dídì wà nílẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú tí kò rí omi tútù, ìyà ń jẹ ẹ́ ni.

Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, síítóòfù oníná?

Rárá. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ 1000W, kẹ́tùlù lè jẹ 2000W. Bí àpótí yín bá tilẹ̀ lè gbé e, ẹ ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ ó sì sùn nínú òkùnkùn. Gáàsì wà, èédú wà.

Àwa kì í ṣe òyìnbó. Níbo la ti ń pàgọ́ tí a máa gbé e lọ?

Òótọ́ ni, Ìjẹ̀bú tó nílé kì í dédé lọ sùn sábẹ́ aṣọ, àfi tó bá jẹ́ nítorí Ọlọ́run, nítorí oko, tàbí nítorí ìnáwó. Àmọ́ ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ó rí i pé a kì í sábà sí nílé. Káǹpù ọ̀dọ́ ìjọ nígbà Àjíǹde. Oko kòkó tí wọ́n ń sùn sí lápá Ìjẹ̀bú-Igbó. Oko obì ní Rẹ́mọ lásìkò ìkórè. Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí kánópì àwọn régbérégbé máa ń kún iwájú ààfin. Àwọn ayàwòrán tó ń yá àpótí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún wà báyìí tó ń pàgọ́ nítorí àtigbádùn: wọ́n ń lọ sí igbó J4 ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìyẹn Omo Forest Reserve, tí UNESCO ti kà mọ́ igbó àdáàbòbò láti 1977, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọ ibẹ̀ o.

Fún òru mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rin, ohun tí mo máa ń ṣírò nìyí. Gílóòbù méjì, 20W, wákàtí márùn-ún: 100Wh. Fóònù mẹ́rin, nǹkan bí 20Wh fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 80Wh. Fáànù kékeré 15W, wákàtí mẹ́jọ: 120Wh. Òru kan jẹ́ 300Wh, òru mẹ́ta 900Wh. Tí ẹ bá ní páńẹ́lì 100W tó ṣeé ká tó lè dá bí 300Wh padà lójúmọ́ tí oòrùn mú, àpótí 500Wh á tó yín. Tí ẹ ò bá ní páńẹ́lì, ẹ gbé èyí tó fi díẹ̀ ju 1000Wh lọ, nítorí ohun tí inverter ń jẹ, kí ẹ sì yan ẹni tó ní èjìká nínú yín.

Ohun tí kì í wá sí ọkàn ènìyàn ni pé inú igbó kò ní oòrùn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan láti Àgọ́-Ìwòyè gbé páńẹ́lì lọ sí J4, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ igi látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n bá 11Wh. Wọ́n ní páńẹ́lì mi bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sójú títì níwájú ṣọ́ọ̀bù ní aago méjìlá ọ̀sán, ó ń gbé 70W wọlé. Ẹ kún àpótí yín láti ilé. Páńẹ́lì, ibi tí igi ti ṣí sílẹ̀ ni ipò rẹ̀. Ẹ má sì gbé àpótí lélẹ̀ lásán: ìrì òwúrọ̀ ń wọ ọ́, èèrà sì fẹ́ràn ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi pákó tàbí kúlà sí abẹ́ rẹ̀.

Tí òjò bá pa á ńkọ́?

Ẹ pa á kíá, ẹ yọ gbogbo wáyà, ẹ nù ún, ẹ má tàn án títí tí oníṣẹ́ á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Púpọ̀ nínú wọn ò gba omi. Páńẹ́lì tó ṣeé ká lè gba òjò díẹ̀, àpótí fúnra rẹ̀ kò lè gbà á.

Sólà mélòó ló máa kún un? Òjò pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má gba 200W tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́lì gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì gbọ́. Oòrùn, eruku àti ìdúró páńẹ́lì á yọ díẹ̀, 150W ni kí ẹ máa kà. Lọ́jọ́ tó dára, a máa ń rí bíi wákàtí mẹ́rin tí oòrùn mú kankan: 600Wh nìyẹn. Ọjọ́ méjì lẹ máa fi kún àpótí 1000Wh tó ti ṣófo. Ní oṣù kẹfà sí ìkeje, ẹ lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Òjò Ìjẹ̀bú kì í ṣe ti àwàdà. Nígbà ọyẹ́, oòrùn ń bẹ, àmọ́ eruku á bo páńẹ́lì. Àkísà tútù láràárọ̀ ti tó.

Òjìji igi obì kan tó bọ́ sí igun páńẹ́lì lè gba ìdajì iná rẹ̀ lọ, kì í ṣe igun yẹn nìkan ló ń dín.

Èyí tó ń ba àpótí jẹ́ jù ni fóòtì. Ẹnìkan ní Ṣágámù ti ní páńẹ́lì 550W lórí ilé. Ó rò pé ọ̀kan nínú wọn ṣáà ni, ó so ó mọ́ àpótí kékeré tí kò gbà ju 28 fóòtì lọ. Páńẹ́lì yẹn máa ń gbé nǹkan bí 49 fóòtì nígbà tí kò tíì sí ẹrù lórí rẹ̀. Ó gbóòórùn kí ó tó rí èéfín. Ẹ wo “Voc” lẹ́yìn páńẹ́lì, ìyẹn fóòtì rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, ẹ wo ohun tí àpótí lè gbà. Tí ẹ bá so páńẹ́lì méjì tẹ̀lé ara wọn, fóòtì wọn á pa pọ̀ di 98.

Ṣé mo lè fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé mi kún un?

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dín iye wáàtì tí àpótí ń fà kù. Àpótí ìgbàlódé lè fa 1200W láti ara ògiri kó lè tètè kún. I-pass-my-neighbour kò ju 650W lọ. Tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á kú. Ọ̀pọ̀ àpótí ní ibi tí a ti ń dín in, lórí fóònù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sí 300W. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ilé tí sólà kò sí: wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń pariwo, kí ẹ wá fi òru sùn ní ìdákẹ́jẹ́.

Ti ọkọ̀ ńkọ́? Ihò síga inú mọ́tò kì í mú ju bí 100W wá. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbàdàn, ẹ ò tíì kún ìdá kan nínú mẹ́rin 1000Wh.

Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà fẹ́ rà á fún mi. Ó ní ó rọjú níbẹ̀.

Kí ó dúró ná. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60Hz. Tiwa jẹ́ 230, 50Hz. Àpótí tí wọ́n ṣe fún ọ̀hún kò ní gbé fáànù yín dáadáa, tí ẹ bá sì so ó mọ́ iná ilé wa, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ti Ìlú Ọba bá tiwa mu, plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà là ń lò.

Àmọ́ níbikíbi tó bá ti ń bọ̀, kò gbọdọ̀ gbé e wọ bààlúù. Bátìrì tó wà ní ìsàlẹ̀ 100Wh nìkan ni ènìyàn lè mú lọ́wọ́ láìbéèrè; láti 100 sí 160Wh gba àṣẹ ilé-iṣẹ́ bààlúù; tó bá ti ju 160Wh, èrò kò lè gbé e rárá. Ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ẹ̀gbọ́n kan ní Ìkẹ́nnẹ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wẹ̀yìn, ẹnìkan ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀.

Ṣé mo lè fi wáyà olórí méjì so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kí gbogbo ilé lè tàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé oníná àdúgbò lè ṣe wáyà náà fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí orí kan bá yọ lójijì, irin rẹ̀ tó wà níta ní iná, ọmọdé sì wà nílé. Iná yín lè gba inú mítà jáde lọ sórí òpó, kí ó pàdé ẹni tó gun òpó tó rò pé iná ti lọ. Tí iná bá wá dé nígbà tí àpótí ń ṣiṣẹ́, iná méjèèjì á kọlu ara wọn nínú inverter. Mo ti rí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí. Ojú ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti yọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kí oníná tó mọṣẹ́ yọ wáyà gílóòbù àti fáànù sọ́tọ̀, kó fi changeover sí i. Tí ìyẹn bá pọ̀ jù, ẹ lo extension wáyà kan láti inú pálọ̀ sí yàrá. Kò rẹwà, àmọ́ kò pa ènìyàn.

Ṣé mo lè gbé e sí yàrá tí a ń sùn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì tí kò ní òórùn, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń pa ìdílé látojú oorun. Àpótí yìí kò ní ti èéfín. Àmọ́ ẹ má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fi aṣọ bò ó, ẹ jẹ́ kí ihò tó ń mí gba afẹ́fẹ́. Tó bá wú, tàbí ó ń gbóná lásán, tàbí ó ní òórùn tí ẹ kò mọ̀, ẹ gbé e síta tó bá ṣì ṣeé gbé. Tí iná bá ti sọ, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ kó ènìyàn jáde.

Iná wa máa ń lọ sókè sódò. Ṣé kò ní bà á jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́. Tó bá lọ sílẹ̀ sí 150 fóòtì, ó kàn máa kọ̀ láti gba ṣáàjì ni. Tó bá fò lọ sí 280, ìyẹn ló ń jóni lọ́wọ́. Ẹ fi stabilizer tàbí voltage guard sáàárín.

Tí àpótí bá wà lára ògiri tí iná sì lọ, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà á kí ojú tó ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ò ní kú.

Ṣé kì í ṣe inverter gidi ni kí n ṣe?

Tí ilé bá jẹ́ tiyín, tí owó bá wà, tí ẹ fẹ́ gbé fírísà àti ẹ̀rọ omi, inverter ni. Mi ò ní purọ́ fún yín nítorí pé mo ní àpótí nílẹ̀. Àmọ́ ayálégbé tí lọ́ńdọ́ọ̀dù rẹ̀ lè lé jáde lọ́dún tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn, ẹni tó ń gé irun lábẹ́ agboòrùn ní Sábó Ṣágámù: ẹ ra ohun tí ẹ lè gbé dání nígbà tí ẹ bá ń kó lọ. Klípà agérun kì í jẹ ju 15W. Ọmọkùnrin kan tó ra 300Wh lọ́wọ́ mi ń gé orí látàárọ̀ dalẹ́, ó ń gbọ́ rédíò, ó ṣì ń ṣẹ́kù.

Mò ń rìnrìn àjò oṣù mẹ́ta. Báwo ni kí n fi í sílẹ̀?

Ẹ má kún un bámú, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi í sí ìdajì, ẹ pa á pátápátá, ẹ gbé e síbi tútù tí oòrùn ò dé. Kí ẹnìkan nílé tún kún un sí ìdajì tí oṣù mẹ́ta bá pé. Ẹ má fi í sínú bùùtù mọ́tò tó wà lóòrùn, ooru ló ń pa bátìrì jù ìlò lọ.

Bàbá wa ń lo ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn. Ṣé a lè gbọ́kàn lé àpótí yìí?

Ẹ̀rọ yẹn ń jẹ bíi 300W, àpótí 1000Wh kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àádọ́ta lọ. Ẹ gbà á bí ohun tó máa gbà yín títí dé ìgbà tí ẹ máa wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ ní sílíńdà atẹ́gùn nílẹ̀, kí ẹ sì bá dókítà yín sọ ọ́.

Láti ìgbà tí mo ti rà á, gbogbo ilé ló ń kó fóònù wá. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ò sí nínú ìwé tí wọ́n fi sínú páálí, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Fóònù kan á mu bí 20Wh. Mẹ́wàá jẹ́ 200Wh, ìdá kan nínú mẹ́rin òru yín nìyẹn. Ẹ ò lè lé Màmá Ràṣí tó ń fún àwọn ọmọ yín lóúnjẹ tí ẹ ò bá sí nílé. Ẹ ò sì lè gba owó lọ́wọ́ wọn kí ẹ wá tún máa rìn ní àdúgbò.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé ọ̀sán ni mo ń ṣáàjì fóònù aráalé, nígbà tí oòrùn ṣì ń bù sí i. Mo gbé tábìlì kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, mo so ojú USB mẹ́rin mọ́ ọn, mo fi gègé kọ orúkọ sí lílẹ̀mọ́ ara okùn kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo gbé tábìlì wọlé. Màmá Ràṣí nìkan ló mọ̀ pé tí òun bá kan fèrèsé ní aago mẹ́wàá, mo máa dá okùn kan jáde sí òun.